Kíláàsì Kọ̀ǹpútà Ọlọ́jọ́ Mẹ́wàá: Dín Ẹ̀kọ́ Kù, Má Fi Ọjọ́ Kún Un

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa àtàtà,

Iṣẹ́ kíkọ́ ènìyàn ní kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, Ọ̀yọ́ ni mo máa ń wà, nítòsí Òwódé. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, mo máa ń kọ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní àdúgbò Under G. Ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ni kíláàsì mi, wákàtí méjì lójúmọ́. Ohun tí mo kọ sára pátákó ìta ni pé a ó kọ́ Windows, Word, Excel, PowerPoint, CorelDRAW àti íntánẹ́ẹ̀tì, a ó sì fún ènìyàn ní sátífíkéètì.

Àwọn tó ń wá kò dọ́gba rárá. Ní Ọ̀yọ́, tíṣà ilé-ìwé aládàáni kan wà tó fẹ́ máa fi Excel ṣe èsì ìdánwò. Ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Akẹ̀sán fẹ́ máa kọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè sílẹ̀. Bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn ọmọ tó ń dúró de JAMB náà sì wà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń kọ project ló pọ̀ jù. Bí mo bá rọra ń lọ, àwọn ọmọ á máa tẹ fóònù; bí mo bá yára, Bàbá á sọnù sọ́nà, kò sì ní sọ. NEPA á mú iná lọ, ohun tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti wákàtí kan á pòórá. Owó epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè tán. Office 2007 ló wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà mi kan, 2016 wà lórí àwọn mìíràn, ti àwọn tó gbé láptọ́ọ̀pù wá tún yàtọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti tíṣà yẹn. Ó gba sátífíkéètì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó gbé èsì ìdánwò kíláàsì rẹ̀ wá, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́, òun á sanwó. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ ti fò lọ. Ṣé kí n sọ kíláàsì di oṣù mẹ́ta ni? Ṣé kí n tẹ ìwé tó nípọn fún wọn? Àbí kí n máa dá àwọn tí kò tíì mọ bí a ti ń di máùsì mú padà?

Èmi ni,
Tíṣà kọ̀ǹpútà, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ, mo sì tún un kà. Rárá ni ìdáhùn mi sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Má sọ kíláàsì di oṣù mẹ́ta, má tẹ ìwé tó nípọn, má sì dá ẹnikẹ́ni padà. Ohun tí o ń kọ́ wọn ló pọ̀ jù. Ogún wákàtí ni ọjọ́ mẹ́wàá rẹ, o sì pín in sí ohun mẹ́fà. Bí a bá yọ àkókò tí iná fi lọ àti èyí tí àwọn tó ń pẹ́ dé fi ń wá àga jókòó, ohun kọ̀ọ̀kan kò ní rí ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ta ló lè mọ CorelDRAW ní wákàtí mẹ́ta? Àwọn tó ń fi í jẹun ń lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Kíláàsì ọlọ́jọ́ díẹ̀ kò lè mú kí ènìyàn mọ Excel. Ohun tó lè ṣe, tó sì tóbi, ni pé kí ènìyàn lè fi Excel ṣe iṣẹ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà tí ìwọ kò sí níbẹ̀. Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ kí o máa fi wọn iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Gbogbo ìmọ̀ràn tó kù nínú ìdáhùn yìí, inú rẹ̀ ló ti jáde.

Wo ohun tí JAMB ṣe. Ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà dán àwọn ọmọ wò. Nígbà tó di 2015, wọ́n ti pa ìdánwò orí bébà tì. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì. Wọn ò ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ná. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí bọ́tìnnì mẹ́jọ péré lè tó o: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R bí ọkàn rẹ̀ bá yí padà tó fẹ́ padà sínú iṣẹ́ náà. Kò tilẹ̀ nílò máùsì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ abúlé fi lè jókòó ṣe é. Ìwọ náà, wá bọ́tìnnì mẹ́jọ tí iṣẹ́ oníbàárà rẹ nílò, kí o fi èyí tó kù sílẹ̀.

Àwọn olùwádìí ti dán irú èyí wò. Ní ọdún 1984, John Carroll àti Caroline Carrithers, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, mú ètò ìtẹ̀wé orí kọ̀ǹpútà kan, wọ́n sì ti gbogbo ibi tí àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti máa ń ṣìnà pa. Bí ẹni tó ń kọ́ bá tẹ ibẹ̀, kọ̀ǹpútà á kàn sọ fún un pé ibẹ̀ kò tíì ṣí. Àwọn tó fi èyí tí a ti dín kù kọ́ṣẹ́ tètè parí ju àwọn tó gba odidi lọ, àkókò tí wọ́n fi ń tún àṣìṣe ṣe kéré, òye wọn sì jinlẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè. Nígbà tó di 1990, Carroll kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà kì í jókòó ka ìwé ìtọ́ni tó nípọn, iṣẹ́ ló fẹ́ kí ọwọ́ òun kàn lójú ẹsẹ̀. Ṣé ó yà wá lẹ́nu? Ọ̀gá télọ̀ kì í gbé léèsì oníbàárà fún ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ló máa kọ́kọ́ gé. Nítorí náà, ojú ewé kan ṣoṣo ni kí o tẹ̀ fún wọn, kí ó ní ìgbésẹ̀ iṣẹ́ yẹn nìkan, kí àyè sì wà níbẹ̀ tí wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn kọ nǹkan sí.

Jẹ́ ká mú iṣẹ́ tíṣà yẹn yẹ̀ wò. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ gbogbo ohun tó wà lójú Excel. Lọ́jọ́ kìíní, kí ó tẹ orúkọ ọmọ márùn-ún péré àti máàkì wọn: iṣẹ́ kíláàsì lórí 40, ìdánwò lórí 60. Kí ó tẹ =SUM(B2:C2) sínú D2, kí ó sì fà á wálẹ̀. Nígbà tó bá rí i tí àròpọ̀ gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á fẹ́ mọ èyí tó kù fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ipò ló kàn, ibẹ̀ sì ni kí o ti dúró pẹ́. Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ tẹ =RANK(D2,D2:D6), kí ó fà á wálẹ̀, kí ó wá wo ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ipò kìíní ni Excel máa fún ọmọ náà, ì báà jẹ́ pé òun ló gba máàkì tó kéré jù. Bí tíṣà ti ń fà á wálẹ̀ ni Excel ń sún ibi tó ń wò wálẹ̀, títí tó fi ku ọmọ yẹn nìkan, tó ń bá ara rẹ̀ díje. Lẹ́yìn tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó wá fi àmì dọ́là há a mọ́lẹ̀: =RANK(D2,$D$2:$D$6). Ẹni tó rí i báyìí kò ní tètè gbàgbé iṣẹ́ tí àmì dọ́là ń ṣe. Fi hàn án pẹ̀lú pé bí ọmọ méjì bá jọ gba ipò kẹta, Excel á fo ipò kẹrin, ẹni tó kàn á gba ipò karùn-ún, bí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, kí ó gbé máàkì kíláàsì tirẹ̀ gan-an wá, kí ó tún un ṣe látorí ojú ewé òfìfo.

Ìyá aláṣọ kò nílò ìyẹn. Ìlà mẹ́rin ló fẹ́: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye tí wọ́n jẹ ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n dá. Ohun méjì ló máa dà á láàmú. Bí ó bá tẹ 0803, Excel á yọ òdo iwájú kúrò, nítorí iye ló kà á sí. Kọ́ ọ láti yí ìlà fóònù sí Text kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bí ọjọ́ kò bá gba inú àpótí rẹ̀, àmì ##### ló máa hàn, ìyá á sì rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Fi hàn án bí a ti ń fa ìlà fẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o kọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀. Kò ní kọ̀ǹpútà nílé, kò sì ní gbé e lọ sọ́jà. Bí ó bá ti sẹ́ńtà rẹ dé ilé tí kò rí ohun tó fi kọ́ṣẹ́ mọ́, ta ni ká bá wí pé ó gbàgbé? Excel wà lórí fóònù, ó sì lè fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sórí Google Drive. Ìyá tó ń tajà ní Akẹ̀sán mọ ìdí tí ìyẹn fi ṣe kókó. Ní oṣù kìíní ọdún 2020 tí ọjà náà jóná, ìwé gbèsè tó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù á ti bá ẹrù lọ.

Ní ti pé wọn kò dọ́gba, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ni kí o fi pín wọn. Ní Ọ̀yọ́, àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pọ̀, nítorí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó wà níbẹ̀. Kíláàsì èsì ìdánwò á kún fọ́fọ́. Nígbà tó sì jẹ́ pé ìlú náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àkànṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn abirùn, wà, múra sílẹ̀ de akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú rẹ̀ kò ríran: NVDA, tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, ọ̀fẹ́ ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí LAUTECH wà láti 1990, project ni ọjà tó yá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dún ìkẹyìn ṣì ń fi ọwọ́ tẹ àmì tótótó láti orúkọ orí ìwé dé nọ́ńbà ojú ewé. Tí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí ó fi ìpínrọ̀ kan kún un, gbogbo rẹ̀ á dojú rú. Kọ́ ọ ní Heading, kí Word bá a to àkóónú fúnra rẹ̀, kí o sì fi hàn án bí ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ ti ń gba i, ii, iii, tí orí kìíní á wá bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ọjọ́ mẹ́ta tó fún ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, gbé e síwájú kọ̀ǹpútà: kí ó tẹ ìlà mẹ́ta, kí ó fi pamọ́, kí ó pa á, kí ó tún wá a rí. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, má lé e. Ní kí ó wá ṣáájú àwọn yòókù fún ọjọ́ díẹ̀. Géèmù Solitaire tí Microsoft fi sínú Windows ní 1990 ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ láti mọ bí a ti ń fi máùsì fa nǹkan. Bí Bàbá bá ní òun kì í ta káàdì, kí ó fi máùsì kọ orúkọ rẹ̀ nínú Paint. Tí ó bá lè kọ ọ́ tó ṣeé kà, ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sí i.

Bàbá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o fiyè sí. Ẹni tó ti ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún mọ̀ pé òun kò rí bọ́tìnnì tí tíṣà ń pè. Á máa mi orí. Bí o bá bèèrè pé ṣé ó yé wọn, òun ló máa kọ́kọ́ dáhùn pé ó yé òun. Jáwọ́ nínú ìbéèrè yẹn. Rìn lọ bá a, bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o rọra sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká jọ tún un ṣe, sà.” Bí o bá fi ọmọ tó yára jókòó tì í, Bàbá ni kí ó di máùsì mú, ẹnu lásán ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ lò. Òfin yìí kan ìwọ náà. Ìgbà tí o bá gba máùsì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ á tètè parí, ṣùgbọ́n ìwọ lo ṣe é. Fi ọwọ́ rẹ sẹ́yìn, kí o fi ẹnu tọ́ ọ, kódà bí ó bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Yorùbá sì ni kí o fi tọ́ ọ. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Bí sáyẹ́ǹsì bá gba Yorùbá, Excel á gbà á. Jẹ́ kí orúkọ bọ́tìnnì wà bí ó ti wà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kí àlàyé jẹ́ tiwa: “Ẹ fi ìka kan tẹ Ctrl mọ́lẹ̀, ẹ má yọ ọ́, kí ẹ wá tẹ S.”

Ctrl àti S yìí náà ni kí o fi kojú NEPA. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹntiróòlù tí kì í tó ₦200 ti kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi jẹnẹrétọ̀ kọ́ni láti àárọ̀ dalẹ́ kó jèrè. Lọ́jọ́ kìíní, kí gbogbo wọn tẹ ìlà mẹ́ta, kí wọ́n fi pamọ́, kí wọ́n tún tẹ ìlà méjì, kí wọ́n wá pa Word láìfi èyí pamọ́. Kí wọ́n ṣí i padà, kí wọ́n rí ohun tó kù. Láti ìgbà náà, Ctrl àti S lẹ́yìn gbogbo ìlà. Lẹ́yìn náà, ṣí Options lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, lọ sí Save, kí o yí AutoRecover kúrò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n gbé e kà sí ìṣẹ́jú kan. Bí iná bá sì lọ, má sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀. Gbé bébà àti pẹ́ńsù fún wọn, kí wọ́n ya tábìlì tí wọ́n fẹ́ ṣe: ìlà wo ló kọ́kọ́ wá, kí ni a ó rò pọ̀ mọ́ kí ni. Ẹni tó bá lè yà á sórí bébà ti ṣe ìlàjì iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Office tó yàtọ̀ síra kò le tó bí o ti rò ó. Ctrl àti S, C, V, Z, P, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú 2007, 2016 àti èyí tó dé kẹ́yìn. Iṣẹ́ SUM àti RANK kò yí padà. Kọ́ wọn ní ohun tí kì í yí padà ṣáájú, kí o tó kọ́ wọn ní ibi tí àwòrán kékeré kan wà lókè.

Ó wá ku ìgbàgbé. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí bí ohun tí a há sórí ti ń fò lọ. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Ó rí i pé láàárín ọjọ́ kìíní ni èyí tó pọ̀ jù ti ń lọ, èyí tó kù á wá máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ó sì rí i pé àtúnṣe tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ ń dúró ju èyí tí a kó jọ sí ọjọ́ kan lọ. Nítorí náà, má kọ́ ọjọ́ mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn. Kọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́jọ, kí iṣẹ́ àná látorí ojú ewé òfìfo sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ lójoojúmọ́. Kí wọ́n lọ fi ṣiṣẹ́ nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n wá fún ọjọ́ kẹsàn-án. Kí wọ́n tún lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n wá fún ọjọ́ kẹwàá. Ìbéèrè tí wọ́n á gbé wá lọ́jọ́ méjèèjì yẹn á ju gbogbo èyí tí wọ́n bi ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti bá a pàdé.

O lè máa bẹ̀rù pé bí pátákó rẹ kò bá ka ohun mẹ́fà mọ́, àwọn ènìyàn á lọ sí sẹ́ńtà kejì. Iṣẹ́ ni kí o kọ sí i: “Wá kọ́ bí a ti ń ṣe èsì ìdánwò.” “Wá kọ́ bí a ti ń to project.” Oníbàárà mọ ohun tó ń rà, ẹni tó bá rí i pé ọwọ́ òun ti tẹ iṣẹ́ kan á padà wá fún èkejì. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ pátápátá, sọ òtítọ́ fún un pé ọjọ́ mẹ́wàá kò tó, kí ó wo ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀.

Ní ti sátífíkéètì, ọjọ́ kẹwàá ni kí o máa fún wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí a ti pa, kí ó tàn án, kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti orí òfìfo, kí ó fi pamọ́, kí ó tún wá a rí, kí ìwọ sì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ṣe é, fún un ní tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe é, fún un ní ọjọ́ mìíràn, má sì gba kọ́bọ̀ kún owó tó ti san.